Ìyálóde Ìbàdàn àti Ohemmaa Kùmásì: Bí Ìwé Ṣe Ń Dá Ẹjọ́ Obìnrin Oníṣòwò Tí Ó Joyè

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ èrò tí àwùjọ kan ní nípa obìnrin tí ó fi òwò lówó, tí ó sì fi owó dé ipò, kí ó má ṣe bi wọ́n léèrè ní gbangba, nítorí pé ọ̀rọ̀ dídùn ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Kí ó lọ wo irú ikú tí àwọn òǹkọ̀wé wọn fi pa irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ọdún 1874, wọ́n pa Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ẹni kejì tí ó jẹ Ìyálóde ní ìlú Ìbàdàn, mọ́ inú ilé ara rẹ̀. Ọwọ́ ẹrú ni ó pa á, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ẹrú ni ète náà ti jáde. Nínú eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi orúkọ obìnrin náà pè, kò sí ẹni tí ó wọlé pa á lóru: òun tìkára rẹ̀ ni ó gbé májèlé mu. Àárín ikú méjèèjì yìí fẹ̀ ju bí ojú ti rí i lọ. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀ràn ìlú. Èkejì jẹ́ ọ̀ràn ọkàn. Ẹni tí ó bá ka ọ̀kan láì ka èkejì, ìdajì ẹjọ́ ni ó gbọ́, àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Eré náà kì í ṣe ìwé tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìṣọ̀lá wà ní ọ̀dọ́ nígbà tí ó kọ ọ́. Ní 1966 ó fi gba ẹ̀bùn nínú ìdíje eré kíkọ ti Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá, ní 1970 ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Láti ìgbà náà wá, àìmọye ọmọ ilé-ìwé ni ó ti kà á tí ó sì ti há ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí. Wọ́n ti ṣe é lórí ìtàgé, wọ́n sì ti ṣe é ní sinimá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ẹnìkan bá dárúkọ Ẹfúnṣetán lónìí láàárín ọjà, Ẹfúnṣetán ti Ìṣọ̀lá ni ó ń wá sí ọkàn àwọn ènìyàn, kì í ṣe ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn ní Ìbàdàn rí. Òǹkọ̀wé tí ó lè ṣe irú èyí, ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó bá ti di ìtàn lẹ́nu ará ọjà ti kúrò ní eré lásán, ó sì tọ́ kí a gbé e lé orí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtàn.

Kí a kọ́kọ́ sọ ibi tí ó dára. Ẹfúnṣetán inú eré náà lówó, ó ní oko, ó ní ẹrú, ó ní agbára, ṣùgbọ́n kò ní ọmọ. Ìbànújẹ́ yìí di oró nínú rẹ̀, ó sì ṣe òfin pé ẹrúbìnrin èyíkéyìí tí ó bá lóyún, pípa ni. Adétútù lóyún fún Ìtáwuyì, òfin sì mú un. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, kò sí òǹwòran tí yóò lè jókòó pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ìṣọ̀lá mọ bí èébú ṣe ń dún lẹ́nu olówó, ó mọ bí ẹ̀bẹ̀ ṣe ń dún lẹ́nu ẹni tí ikú ti wọlé tọ̀. Òwe inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ohun ìjà ni. Ohun kan tún wà tí ó ju ìyẹn lọ. Àwọn ìwé ìtàn a máa ka ẹrú Ìyálóde bí ẹní ka iṣu. Wọ́n á ní èyí tí ó wà ní oko nìkan tó nǹkan bí 2,000, wọ́n á sì kọjá lọ. Ìṣọ̀lá mú méjì nínú wọn, ó fún wọn ní orúkọ, ó fún wọn ní ìfẹ́, ó sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà Ẹfúnṣetán lẹ́yìn èyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá Adétútù lóhùn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé irọ́ ni òǹkọ̀wé náà pa mọ́ obìnrin kan. Oníṣòwò ẹrú àti olówó ẹrú ni Ìyálóde ní tòótọ́, òórùn ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ọrọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí eré náà kò jẹ́ kí ó dé ọkàn òǹwòran. Báwo ni obìnrin yìí ṣe dé ibi tí ó dé? Ọrọ̀ rẹ̀ hàn lórí ìtàgé láti ìbẹ̀rẹ̀. Òwò tí ó bí ọrọ̀ náà ni kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Oyè rẹ̀ hàn. Iṣẹ́ tí oyè náà ń ṣe fún ìlú ni kò hàn tó. Ó dà bí ẹni pé owó àti oyè jẹ́ aṣọ tí ó gbé wọ̀, tí ẹ̀dá búburú kan wà lábẹ́ rẹ̀. Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti ṣí ìwé Samuel Johnson, àlùfáà tí ó parí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ìlú ogun ni Ìbàdàn ní ìgbà ayé Ẹfúnṣetán. Ogun kò sì ṣeé jà láìsí ìbọn, bẹ́ẹ̀ ni láti etí òkun ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wá. Ẹni tí ó bá ní ọjà tí ó lè gbé dé etí òkun, tí ó sì lè kó ìbọn padà wálé, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀mí ìlú wà, bí kò tilẹ̀ mú idà lọ́wọ́ rí. Iṣẹ́ tí Ẹfúnṣetán ṣe nìyẹn. Ẹ̀gbá ni baba rẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun. Oko rẹ̀ ń pèsè oúnjẹ, ó ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ tí ń bá ìlú lọ sójú ìjà, àwọn ìjòyè ológun a sì máa gba ohun ìjà láwìn lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n lè fi ìkógun san án nígbà tí wọ́n bá dé. Oyè Ìyálóde kì í ṣe ẹ̀bùn tí a fi ṣe ẹ̀yẹ fún un. Ìlú mọ̀ pé ẹni tí ó ń yá ogun lówó, ó yẹ kí ó ní àga níbi tí wọ́n ti ń gbèrò ogun.

Nígbà tí ó yá, ọ̀ràn yí padà. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, dé láti ojú ogun, ó sì fi ẹ̀sùn mẹ́ta kan Ìyálóde. Èkíní, pé kò bá òun lọ sí ogun. Èkejì, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún, ọdún 1874, wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n sì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀, ó san owó ìtanràn, kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n lo ọmọ tí ó gbà tọ́ láti fa ojú àwọn ẹrú ilé mọ́ra, ó sì kú.

Kí òǹkàwé tún ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà kà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dárúkọ ẹrú. Kò sí ọ̀kan tí ó ní obìnrin náà rorò, tàbí pé ó pa aboyún. Ohun tí wọ́n bá a wí sí ni pé kò wá, kò fún wọn, kò kí wọn. Ẹ̀sùn tí a ń fi kan ẹni tí a ti ń jẹ lára ni èyí, nígbà tí ó bá pa ilẹ̀kùn àwìn dé. Bọ́láńlé Awẹ́, ẹni tí ó yẹ ìtàn Ìyálóde yìí wò fínnífínní nínú ìwé tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992 nípa àwọn obìnrin Nàìjíríà nínú ìtàn, ti mú ọ̀rọ̀ náà padà sí ìdí rẹ̀: ọ̀ràn agbára láàárín olórí ogun tí kò fẹ́ abáradíje àti obìnrin kan tí owó rẹ̀ mú kí ohùn rẹ̀ le ní ìgbìmọ̀.

Nítorí náà, ohun tí Ìṣọ̀lá ṣe ni pé ó gbé ẹjọ́ náà kúrò ní ìgbìmọ̀, ó gbé e lọ sí inú abo. Òótọ́ ni pé Ẹfúnṣetán mọ ìbànújẹ́ ọmọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú sí orí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó bímọ tí ọmọ rẹ̀ kú, tí ó sì tún ń ṣòwò, tí ó ń joyè, tí ó ń yá ìlú ní ìbọn fún ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, kì í ṣe ẹni kan náà pẹ̀lú àgàn tí àìrọ́mọbí sọ di ẹranko. Òǹkọ̀wé eré kì í ṣe akọ̀wé ilé-ẹjọ́. Ó ní àyè láti yí nǹkan padà kí eré lè dùn. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìyẹn bá a wí. Ohun tí a lè béèrè ni iye tí ìyípadà náà ná wa. Ó ná wa ní ohun méjì. Àkọ́kọ́, Látòósà, ẹni tí ó jèrè ikú náà, tí òun náà sì jẹ́ olówó ẹrú àti jagunjagun, di olùdáǹdè àwọn ẹrú lórí ìtàgé. Èkejì, ọmọbìnrin tí ó jókòó nínú kíláàsì tí ó ń ka ìwé náà kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí ìtàn kò kọ́ ọ: pé bí obìnrin bá lówó tí ó sì joyè, ohun kan ni ó ti ṣe aláìní nílé. Ẹ̀kọ́ náà kò sí nínú gbólóhùn kankan, ṣùgbọ́n ó wà nínú gbogbo rẹ̀.

Kì í ṣe àwọn Yorùbá nìkan ni ọ̀ràn yìí kàn. Ó dára kí a gbé ojú sókè wo ìlú Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà, olú ìlú àwọn Aṣáńtì, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti lè rí irú obìnrin kan náà nínú ìwé tí a kọ ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀ pátápátá. Gracia Clark, obìnrin ará Amẹ́ríkà tí ó wá kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìgbésí ayé àwọn ènìyàn, dé ọjà ńlá Kùmásì ní 1978, ó sì bá àwọn obìnrin ibẹ̀ jókòó níbi àtẹ títí di 1980. Ìwé ńlá tí ó kọ nípa wọn, Onions Are My Husband, jáde ní 1994. Òmíràn tí ó tẹ̀lé e ní 2010, African Market Women, jẹ́ ìtàn ayé àwọn obìnrin méje láti ẹnu ara wọn. Kò sí ìtàgé níbẹ̀, kò sí orin, kò sí ọfọ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ohun tí kò sí nínú eré Ẹfúnṣetán: òwò fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ka ìwé Clark yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé ọjà kò fi ìgbà gbogbo jẹ́ ti obìnrin ní Kùmásì. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọkùnrin ni wọ́n pọ̀ jù nínú òwò ọ̀nà jíjìn tí ń gbé obì lọ sí ìhà àríwá, ìjọba Aṣáńtì pàápàá sì ní àwọn oníṣòwò tirẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Kùmásì ní 1896. Rélùwéè láti Sekondi dé ibẹ̀ ní 1903. Kòkó sì tẹ̀lé e. Àwọn ọkùnrin rí i pé owó wà nínú oko kòkó, wọ́n fi àtẹ sílẹ̀, àwọn obìnrin sì bọ́ sí i. Kì í ṣe pé a dá obìnrin Aṣáńtì mọ́ ọjà láti ọ̀run wá; àyè ni ó ṣí, ó sì wọlé. Nínú irú àlàyé báyìí ni ìwé náà ti lágbára. Kò sọ pé obìnrin yìí dára tàbí pé ó burú. Ó fi ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ hàn.

Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀ nípa oyè. Ní ilẹ̀ Aṣáńtì, ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọba, ó sì ní ohemmaa, obìnrin tí ó ní àga tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọba, tí ó sì ní ohùn nínú fífa ẹni tí yóò jọba kalẹ̀. Yaa Asantewaa tí ó síwájú ogun ní 1900 nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì béèrè àga wúrà, ohemmaa Ejisu ni. Orúkọ oyè ńlá yìí ni àwọn obìnrin ọjà Kùmásì yá lò fún olórí wọn. Àwọn oníṣu ní ohemmaa tiwọn, àwọn onítòmátì ní tiwọn, àwọn alálùbọ́sà àti àwọn onírúurú ọjà mìíràn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn àgbà nínú òwò kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan ẹni tí wọ́n mọ̀ pé ó ní sùúrù, tí ó ní ẹnu, tí ojú rẹ̀ sì ti rí nǹkan lójú ọjà. Bí ẹni tí ó kó iṣu wá láti oko bá ní wọn kò san owó òun pé, iwájú rẹ̀ ni wọn yóò lọ. Bí ọjà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpò kò bá dára tó èyí tí ó wà lókè, òun ni yóò dá a. Bí òkú bá ṣẹ̀ ní ilé ọ̀kan nínú wọn, òun ni yóò síwájú ẹgbẹ́ lọ síbi ìsìnkú. Bí ìjọba ìlú bá ní kí wọ́n kúrò níhìn-ín lọ sọ́hùn-ún, òun ni yóò lọ jẹ́ ẹnu wọn. Ìwà tí ó mú un lówó ni ó mú un joyè, iṣẹ́ oyè rẹ̀ sì ni láti má ṣe jẹ́ kí òwò dàrú. Òǹkàwé tí ó bá jẹ́ Yorùbá yóò rí i pé ìyálọ́jà tí òun mọ̀ nílé nìyí, aṣọ ni ó yàtọ̀.

Ibi tí ìwé náà ti ga jù ni ibi tí ó ti dé ọdún 1979. Ọjà wọ́n ní ilẹ̀ Gánà ní ọdún náà. Àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà lábẹ́ Jerry Rawlings, wọ́n sì ní àwọn obìnrin ọjà ni ó ń kó ọjà pamọ́, tí ó ń fi ìyà jẹ aráàlú. Wọ́n fi òfin dé iye tí a lè tà á. Wọ́n wọ ọjà, wọ́n gba ẹrù, wọ́n nà àwọn tí wọ́n mú. Ní Àkírà, wọ́n wó ọjà Makola àkọ́kọ́ lulẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Clark wà ní Kùmásì nígbà tí gbogbo èyí ń lọ. Ohun tí ó rí ni pé ohemmaa kò ní irú agbára tí ìjọba rò pé ó ní lórí iye owó. Láàárín ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà ni iye ti ń jáde. Ohun tí ó sọ ọjà di ọ̀wọ́n wà ní ibòmíràn: ọkọ̀ tí kò ní epo, ọ̀nà tí ó bàjẹ́, owó ìlú tí ó ti di ewé. Wọ́n na obìnrin náà, oúnjẹ kò sì tìtorí rẹ̀ pọ̀ sí i. Àwọn ará Èkó kò ní ṣàì rántí nǹkan bí èyí: láàárín 1941 sí 1945, nígbà tí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dé iye owó gàrí àti oúnjẹ mìíràn lábẹ́ Pullen, Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja tí ó jẹ́ olórí ọjà Ẹrẹ́kọ, ni ó síwájú àwọn obìnrin tí ó kọ̀ ọ́.

Nísisìyí, kí a fi Látòósà ti 1874 àti ṣọ́jà ti 1979 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Olórí ogun ní, "Kò fún mi." Ṣọ́jà ní, "Ó kó o pamọ́." Ẹ̀sùn kan náà ni. Nígbà tí ìlú bá jẹ gbèsè, tí kò sì fẹ́ ka gbèsè náà, ẹni tí ó mọ ìṣírò ni wọ́n ń wò bí ọ̀tá. Ìwé Clark mú kí a mọ̀ pé ó yẹ kí a béèrè ìdí ọ̀wọ́n kí a tó béèrè ìwà olùtà. Ìbá ṣe pé eré Ẹfúnṣetán fi ìran kan ṣoṣo sílẹ̀ fún ìwé gbèsè àwọn ìjòyè, òǹwòran kì bá tí dá Adétútù dá ìyà rẹ̀. Yóò sunkún fún un bí ó ti ń sunkún nísisìyí, ṣùgbọ́n yóò tún mọ irú ọwọ́ tí ó gbé idà ìdájọ́.

Síbẹ̀, ìwé Kùmásì náà ní àbùkù tirẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti àwọn onímọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì kún fún ọ̀rọ̀ tí obìnrin tí ó wà nínú rẹ̀ kì yóò lè kà. Ó ṣe àlàyé ọjà dé ibi tí ẹ̀dá ènìyàn kan ṣoṣo fi ń sọnù láàárín rẹ̀. Bí ènìyàn bá pa á dé, yóò rántí bí wọ́n ṣe ń dá ẹjọ́ tòmátì, kò dájú pé yóò rántí ojú ẹnìkan. Ìwé ti 2010 gbìyànjú láti tún èyí ṣe, ó sì ṣe é dáadáa dé ìwọ̀n kan, nítorí pé ó jẹ́ kí àwọn méje sọ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ Adétútù, ẹ̀rí-ọkàn tí eré ń jí, kò sí níbẹ̀. Ìmọ̀ wà, ìdájọ́ kò tó. Bí Ìṣọ̀lá bá ti fún wa ní iná láìsí fìtílà, fìtílà ni Clark fún wa.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí Yorùbá tí ó bá ń ka ìwé nípa Kùmásì má ṣe gbàgbé. Àwọn obìnrin Aṣáńtì kọ́ ni ó dá wà ní ọjà náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará ilẹ̀ wa, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn, lọ́kùnrin lóbìnrin, ní ìsọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń ta aṣọ àti ohun kéékèèké, wọ́n kọ́ ilé, wọ́n bímọ tí ń sọ èdè Twi bí ọmọ onílẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbé-ìlú gba ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó jáde. Wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ nínú ìsọ̀ wọn di ti onílẹ̀, àwọn obìnrin Aṣáńtì sì wà lára àwọn tí ó gba àyè náà. Kì í ṣe láti fi bá ẹnikẹ́ni jà ni a fi ń rántí èyí. Ó ń kọ́ wa pé àyè tí ó ṣí fún oníṣòwò kan lè jẹ́ àyè tí a lé ẹlòmíràn kúrò nínú rẹ̀, àti pé obìnrin ọjà kì í ṣe áńgẹ́lì. Òǹkọ̀wé tí ó bá sọ ọ́ di áńgẹ́lì kò san ju ẹni tí ó sọ ọ́ di àjẹ́ lọ.

Ìbéèrè tí ó kù ni ti oyè ìjọba. Ohemmaa ọjà jẹ́ olórí láàárín ọjà. Ẹni tí ó ń pàṣẹ lórí ọjà fúnra rẹ̀ wà ní ilé ìjọba ìlú. Ní 2005, fún ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin ni ó jókòó sí àga yẹn: Patricia Appiagyei, ẹni tí Ààrẹ John Kufuor yàn ṣe olórí Ìgbìmọ̀ Ìlú Kùmásì, tí ó sì wà níbẹ̀ títí di 2009. Lẹ́yìn náà ni ó wọ Ilé Aṣòfin ní 2017 gẹ́gẹ́ bí aṣojú Asokwa. Ohun ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n kí a wo irú àga tí ó jẹ́. Gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ Gánà ti 1992 ti wí, Ààrẹ ni ó ń fa olórí ìlú kalẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìgbìmọ̀ tí ó pé jọ tí wọ́n sì dìbò gbọ́dọ̀ gbà á. Ààrẹ sì lè yọ ọ́. Ẹni tí ó bá yá ní òru lè gbà á ní òwúrọ̀. Ohemmaa oníṣu, láti ọwọ́ àwọn tí ó ń ta iṣu pẹ̀lú rẹ̀ ni oyè rẹ̀ ti wá. Èyí tí ó ga jù nínú àga méjèèjì kọ́ ni ó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ jù.

Ẹ̀kọ́ kan náà ni ó wà nínú ìtàn Ẹfúnróyè Tinúubú. Ní Èkó, owó rẹ̀ pọ̀, ó sì wà nítòsí ọba débi pé àwọn kan ń bẹ̀rù rẹ̀ ju ọba lọ. Ṣùgbọ́n iyì tí ó ní níbẹ̀, ara ọba ni ó so mọ́, nígbà tí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì dìde sí i ní 1856, wọ́n lé e jáde nílùú. Ní Abẹ́òkúta, ó tún bẹ̀rẹ̀ òwò. Nígbà tí àwọn ará Dàhómì kọlu ìlú ní 1864, ó pèsè ohun ìjà. Ìlú tí ó gbà là ni ó sì fi í jẹ Ìyálóde. Ọdún 1887 ni ó kú, oyè rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni òun àti Ẹfúnṣetán gbà dé ipò, ìbọn àti ẹ̀tù ni. Ọ̀kan kú sórí oyè, wọ́n rọ èkejì lóyè kí wọ́n tó pa á. Ìyàtọ̀ wọn kò sí nínú abo tàbí nínú ìwà nìkan. Ó wà nínú ẹni tí ó fi wọ́n jẹ, àti nínú ohun tí ẹni náà jẹ wọ́n ní gbèsè.

Òṣùwọ̀n tí ó yẹ kí a fi máa wọn ìwé nípa irú obìnrin yìí nìyẹn. Kí a bi òǹkọ̀wé náà ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni ó ń tà? Ta ni ó fi í jẹ oyè? Ta ni ó jẹ ẹ́ ní gbèsè ní ọjọ́ tí wọ́n rọ̀ ọ́? Ìwé tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ó ti wù kí èdè rẹ̀ dùn tó, ojú fèrèsé ni ó ti wo ilé náà, kò wọ inú rẹ̀. Èyí kò ní kí a mú eré Ìṣọ̀lá kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Kí wọ́n máa kà á, kí wọ́n sunkún fún Adétútù. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ tí ó wà níwájú wọn má ṣe pa ìwé dé ní ìran tí ó kẹ́yìn. Kí ó kọ ẹ̀sùn mẹ́ta ti Látòósà sí ara pátákó, kí ó sì ní kí wọ́n wá ibi tí orúkọ ẹrú wà nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá rí i, kí ó bi wọ́n ìdí rẹ̀. Ọmọ tí ó bá dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa ti mọ ohun tí ìwé lè fi pamọ́, yóò sì máa wo ìyálọ́jà àdúgbò rẹ̀ pẹ̀lú ojú mìíràn.

Òǹkọ̀wé tuntun ni ó kù tí yóò kó iná àti fìtílà pọ̀, tí yóò kọ eré nípa ọjà Kùmásì tàbí ti Ìbàdàn ní èdè tí àwọn ará ọjà gbọ́, nínú èyí tí oyè obìnrin kan yóò ti inú òwò rẹ̀ jáde ní ojú wa, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní tòótọ́, tí àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè yóò sì jókòó sí ìtàgé kan náà. Títí ọjọ́ náà yóò fi dé, ẹjọ́ Ẹfúnṣetán kò tíì parí. Títí kìnnìún yóò fi ní akọ̀tàn tirẹ̀, ọdẹ ni ìtàn yóò máa gbè.